Òkúta Tí A Ò Kó

Ní ilé wa, ọmọ lè jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ kí Bàbá ṣe bí ẹni tí kò rí i, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbọdọ̀ mú òkúta kan ṣoṣo lójú irin wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi Shamsudeen dán an wò nígbà tó wà ní kékeré. Ó ṣa òkúta díẹ̀ sápò, ó fẹ́ fi ta kànnàkànnà. Bàbá gbọ́ bí òkúta ti ń dún lápò rẹ̀, wọ́n fà á létí dé ojú irin, wọ́n ní kó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà síbi tó ti mú un gan-an. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí òkúta kan ti kúrò láàárín òkúta tí kò lóǹkà? Shamsudeen ń sunkún, ó ń wá ààyè òkúta kiri, Bàbá dúró tì í, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Rélùwéè ni Bàbá bá ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ṣàfíù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Rélùwéè ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n wa ọkọ̀ o. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ń dé fìlà, wọ́n ń fun fèrè, àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wọn. Iṣẹ́ ti Bàbá ni kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn lójú irin pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì, kí wọ́n wo ibi tí irin bá ti fẹ́ rì, kí wọ́n fi dígà ki òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀ títí ibẹ̀ yóò fi le. Àwọn náà ni wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà tí omi ń gbà lọ. Bí ọkọ̀ bá kọjá láyọ̀, kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá kọjá láyọ̀, orúkọ wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀bá ojú irin yẹn náà ni Bàbá ra ilẹ̀ sí nígbà tó yá, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Ilẹ̀ náà rẹlẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó máa gbójú sókè kó tó rí irin. Ìyá wa, Àbẹ̀ní, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú irin ni ìyálé òun, ìyàwó kejì lòun kàn wá ṣe nílé yìí. Ìgbà ọyẹ́ ni Ìyá kú. Ilẹ̀ gbẹ débi pé àwọn tó gbẹ́ sàréè fi dígà ṣe é bí ẹni ń fọ́ àpáta. Ẹ̀yìnkùlé la sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn tí Ìyá fúnra wọn gbìn. Nígbà tí àdúrà parí, Bàbá na ọwọ́ sí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà, wọ́n ní, "Ibí ni tèmi. Ẹ má gbé mi lọ síbòmíì."

Ẹ má bi mí bóyá ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá ní Ìwó. Ó ń kọjá bó bá wù ú. A lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ká má gbọ́ nǹkan kan, koríko á máa yọrí, ewúrẹ́ á sùn sáàárín irin méjèèjì. Ọjọ́ tí a ò bá rò ó rárá, fèrè á dún, ọkọ̀ ẹrù kan á rọra fà kọjá, ògiri ilé wa á gbọ̀n. Bàbá á yọ sójú ọ̀nà, wọ́n á máa wò ó títí á fi lọ tán. Wọ́n á wá ní, "Kò rì. Ẹ ò rí i pé kò rì?" A máa ń dá wọn lóhùn pé a rí i.

Zulaykha ni mí, Ìyá Kareemah. Télọ̀ ni mí. Ọkọ mi ti re ọ̀run, mo sì kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti ọmọ mi wá sílé Bàbá. Shamsudeen ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá wò wá. Nítorí náà, nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ọwọ́ mi ló bọ́ sí, mi ò sì ráhùn. Ohun tó le jù níbẹ̀ kì í ṣe gbígbé wọn tàbí fífún wọn lóúnjẹ. Ìtọ̀ ni. Àìsàn náà kò jẹ́ kí wọ́n lè mú un mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá gbọ́ ohùn wọn láti yàrá, ohùn bàbá tó ń tijú ọmọ rẹ̀: "Zulaykha, ibi tí mo sùn sí ti tutù."

Màá ní, "Bàbá, òjò tún rọ̀ bá yín ni? Ẹ ò pè mí kí n wá gbé agbòòrùn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Màá pààrọ̀ aṣọ, màá nu ara wọn, màá tẹ́ èyí tó gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń dìde, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Agbára kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dì í mú.

"Omi ni mo bá jà láti ìgbà èwe mi," ni wọ́n wí. "Má jẹ́ kí n sùn nínú omi."

"Bàbá, bí mo bá ṣì wà láyé, ẹ ò ní sùn nínú omi."

Ẹní ni mo ní lọ́kàn. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn tiwọn, mi ò sì bi wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí. Ọlọ́hun gbọ́, èmi náà gbọ́.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni Bàbá kú, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Oṣù tí òjò kì í dá ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi rọ̀, odò kún, ọlọ́kadà kò fẹ́ dé àdúgbò wa nítorí ẹrẹ̀. Shamsudeen dé láti Òṣogbo kí oòrùn tó mú, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ṣòkòtò rẹ̀ ká dé orúnkún. Ó wọlé, ó ṣí aṣọ lójú Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún òkú. Mo ti ń ṣe akin láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sunkún.

Wọ́n wẹ Bàbá, wọ́n fi aṣọ funfun wé wọn. Ètò ni pé bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á kírun sí wọn lára, a ó sì sin wọ́n kí Àlàásárì tó tó. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Ìyá. Àwa obìnrin kì í sún mọ́ ibẹ̀, mo sì dúró lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, mò ń wò wọ́n. Ilẹ̀ rọ̀, dígà ń wọlé wẹ́rẹ́. Mo rò pé ojú rere Ọlọ́hun ni. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi dúró, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Omi ń sun níbí o," ló wí.

Wọ́n fi garawa gbọ́n ọn, omi tún sun. Wọ́n da yanrìn sí i, yanrìn mu omi yó, ó di ẹrẹ̀. Wọ́n gbọ́n ọn títí, àwọ̀ omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Omi òjò tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ a máa dọ̀tí. Èyí mọ́ bí omi kànga, ó ń ti ibì kan wá, kò sì ní dá.

Mo wá wo sàréè Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ la sin wọ́n. Òjò mélòó ló ti rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Àṣé gbogbo ìgbà tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, tí mò ń gbọ́ òjò lórí páànù, tí mò ń sọ pé atẹ́gùn dára lónìí, inú omi ni ìyá mi wà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n mo rí i bí Shamsudeen ti yíjú kúrò níbi sàréè náà, mo mọ̀ pé òun náà ti rò ó.

Àbúrò Bàbá, tí à ń pè ní Bàbá Ismaeel, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Òkè ni ibẹ̀ wà."

Shamsudeen kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. "Bàbá tó kọ́lé? Ká wá lọ sin wọ́n sí itẹ́ bí ẹni tí kò nílé? Kí ni ará ìlú á wí?"

Èmi náà ti fèrèsé dáhùn pé ẹ̀gbẹ́ Ìyá ni Bàbá ní ká sin àwọn sí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Ní Ìwó wa níbí, ẹni tó bá kọ́lé, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Ìgbéraga wà níbẹ̀, ìfẹ́ sì wà níbẹ̀, a ò sì mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Bàbá Ismaeel kàn mi orí. Iwájú ilé kò gba sàréè, gọ́tà títì ti jẹ ẹ́ tán.

Shamsudeen ní kí wọ́n lọ ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n fi mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àáfà Badrudeen, tó ń ṣáájú wa kírun ní mọ́sálásí àdúgbò, gbọ́wọ́ sókè. "Ohun tí iná bá ti fọwọ́ kàn, a ò fẹ́ ẹ nínú sàréè Mùsùlùmí," ni wọ́n wí. "Iná wà nínú iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ẹ wá òkúta. Òkúta tí iná ò kàn kò ní wàhálà. Bí ẹ bá rí òkúta wẹ́wẹ́, tí ẹ tẹ́ ẹ nípọn, omi á wà nísàlẹ̀, Bàbá á wà lókè."

Shamsudeen pe onítípà kan ní Kuta lórí fóònù. Onítípà ní òun ò lè gbé ọkọ̀ wọ inú ẹrẹ̀ yẹn, àfi bí òjò bá dá. Ó pe òmíràn ní Olúpọ̀nnà, ìyẹn kò gbé fóònù rẹ̀ rárá. Ó fi fóònù sápò. Ó gbójú sókè, ó wo ojú irin. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ náà gbójú sókè. Òkúta wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, òkúta líle tó mú lẹ́nu, tí iná ò kàn rí.

"Ẹ gbé ṣọ́bìrì," ni Shamsudeen wí.

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Mo kàn rí i pé mo ti wà lójú irin, ẹsẹ̀ lásán, ìborùn mi ti ṣubú sọ́rùn, mo sì dúró sí iwájú ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ ti ṣọ́bìrì bọ òkúta. Àwọn èèyàn ti pọ̀. Àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ ti tẹ̀lé wọn gòkè, títí kan Bàbá Ayọ̀nitèmi, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń kọ́lé sí inú àkùrọ̀ ní òdìkejì irin.

"Ẹ ò gbọdọ̀ kó o!" Mo ti ń pariwo. "Ẹ̀yin rò pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n da òkúta yìí sílẹ̀ fún? Òun ni kì í jẹ́ kí omi dúró. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba àárín rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ò ní rọ̀, irin ò ní rì. Ẹ wo bó ṣe mú lẹ́nu. Ó ń di ara rẹ̀ mú ni, kò dà bí òkúta odò tó ń yọ̀ tó ń yí. Bí ọkọ̀ bá gùn ún, òun ló ń pín ẹrù náà kiri kí gbogbo ẹ̀ má wọ̀ sójú kan. Ẹ ṣí i kúrò níbí, kí ọkọ̀ wá kọjá lọ́la, kó ṣubú. Ẹni tó ń wà á kò ní bàbá ni? Kò lọ́mọ?"

Ohùn Bàbá ló ń ti ẹnu mi jáde. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa ní kékeré, títí ó fi sú wa. Àwọn èèyàn ń gbọ́. Mo rí Bàbá Ayọ̀nitèmi tó tẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń wo òkúta bí ẹni pé òní ló kọ́kọ́ rí i.

Shamsudeen kò pariwo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rántí rẹ̀ jù.

"Zulaykha, omi á gba àárín rẹ̀ kọjá, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá Shamsu."

"Á kọjá lọ síbo?"

Ó nàka. Mo tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Lábẹ́ òkúta, níbi tí òkè ojú irin ti parí, omi ń yọ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó mọ́ lóló. Ó wọ inú gọ́tà àtijọ́ kan tí koríko ti bò. Gọ́tà náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìdí igi ọsàn, ó sì parí sí ẹ̀yìnkùlé wa. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi ẹni tó gbẹ́ ẹ. Mo ti ń rí ọwọ́ Bàbá lára gọ́tà láti kékeré. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó ra ilẹ̀, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, nígbà tí ibi tí omi ń lọ kò tíì kan ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbé inú ilé náà, títí kan Bàbá fúnra wọn, kò rò ó mọ́.

"Bàbá tìrẹ ló wà nílẹ̀ yẹn," ni Shamsudeen wí. "Bàbá awakọ̀ lò ń rò. Bàbá tìrẹ ńkọ́?"

 Ìlérí tí mo ṣe fún Bàbá ń gún mi láyà. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi. Mo mọ̀ pé bí Ọlọ́hun bá jí wọn dìde fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tú aṣọ funfun yẹn, wọ́n á gòkè wá, wọ́n á fa gbogbo wa létí. Olórí kunkun ni wọ́n, orí kunkun náà sì ni mo jogún lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó sórí irin. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kó òkúta, kó kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó mi kúrò.

Bàbá Ismaeel ló bá wa parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, "Shamsu, fi í sílẹ̀. Òun ló tọ́jú wọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá fẹ́ láàyè, ẹ má jẹ́ ká ṣe é fún wọn lẹ́yìn ikú." Àáfà ní ìrun kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kó ṣọ́bìrì wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bí Bàbá Ayọ̀nitèmi ti ń kọjá lára mi, ó ní, "Ìyá Kareemah, ẹ kú akin. Ọmọ gidi ni yín." Omi wà lójú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbọ́n omi títí dé ìgbà tí wọ́n gbé Bàbá wá. Wọ́n tẹ́ ọparun sísàlẹ̀, kò ga tó. Mo ti padà sójú fèrèsé. Shamsudeen wà nínú sàréè, òun ló gba orí Bàbá. Wọ́n tẹ́ wọn, wọ́n kọjú wọn sí gábàsì. Kí wọ́n tó to pákó lé wọn lórí, mo rí aṣọ funfun náà. Ó ń tutù láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi etí aṣọ kan omi. Ó dé èjìká wọn. Èmi tí mo máa ń sáré bí mo bá gbọ́ "ibi tí mo sùn sí ti tutù," mo dúró, mò ń wò ó. Mo fi ìborùn bọ ẹnu kí wọ́n má gbọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà ni Shamsudeen kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ fídáù, ó bu oúnjẹ fún gbogbo àlejò, ó bu fún Kareemah ọmọ mi, ó fò mí. Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń wá. Á gba ẹ̀yìn wọlé, á ṣàdúrà lórí sàréè, á gba ẹ̀yìn jáde. Màá ní, "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá Shamsu," á ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Mo bínú sí i. Mo tún ń wò ó pé bóyá òun ló tọ̀nà.  Bí òjò bá rọ̀, mi ò lè ránṣọ. Abẹ́rẹ́ á máa gun aṣọ oníbàárà síbi tí kò yẹ, nítorí etí mi ti wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ohun kan ṣoṣo ló ń tù mí nínú. Bí mo bá gbójú sókè, màá rí òkúta Bàbá níbi tí wọ́n fi í sí, màá sọ fún ara mi pé èyí ni wọ́n fẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan nínú ìlú. Bí kẹ̀kẹ́ ti ń gbé mi padà bọ̀, mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró. Mo gòkè.

Àwọn òṣìṣẹ́ birikilà wà lójú irin, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó òkúta sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Kì í ṣe òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Láti ibi tí ọ̀nà ti yà, tí mi ò lè rí láti ilé, ni wọ́n ti ń kó o bọ̀. Irin ìdábùú tí ojú irin sùn lé ti yọ sí gbangba, bí eegun ìhà ẹran tí ajá jẹ kù. Kì í sì í ṣe àwọn nìkan. Obìnrin kan gbé ọpọ́n rù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ń fi bàrọ̀ kó tirẹ̀. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n ní, "Ẹ káàsán, Ìyá Kareemah." Ojú kò tì wọ́n rárá.

Bàbá Ayọ̀nitèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó rí mi, ó bọ́ fìlà.

"Bàbá Ayọ̀nitèmi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ìyá Kareemah, ẹ má bínú. Ẹ mọ ilẹ̀ mi, inú omi ló wà. Mo ti da yanrìn sí i títí, ó ń rì. Ọjọ́ ìsìnkú Bàbá lẹ là mí lójú. Mi ò mọ iṣẹ́ òkúta yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé òun ni kì í jẹ́ kí omi dúró, pé omi á gba àárín rẹ̀ kọjá, ohun tó wà lókè ò ní rì. Mo dán an wò nísàlẹ̀ ìpìlẹ̀ mi. Òótọ́ ni! Ilé mi gbẹ." Ó nàwọ́ sí àwọn tó kù. "Mo sọ fún àwọn ará àdúgbò. Gbogbo ẹni tí omi ń dà láàmú ló ti ń gbàdúrà fún Bàbá Rélùwéè báyìí. Sàdákà ńlá ni."

"Ọkọ̀ ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá dé ńkọ́?"

"Ọkọ̀ wo? Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ gbọ́ fèrè kẹ́yìn?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé èèyàn dáadáa ni. Bó bá jẹ́ olè ni, ǹ bá bú u, ara mi ì bá fúyẹ́. Mo wo ọkọ̀ tó kún. Mo wo ilé wọn yíká, ilé kọ̀ọ̀kan tí òkúta ti dé abẹ́ rẹ̀, tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń sùn lórí gbígbẹ. Gbogbo àdúgbò ti kúrò nínú omi. Ó ku bàbá mi.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ké, kì í ṣe ẹkún ọmọlúàbí. Bàbá Ayọ̀nitèmi kò mọ ohun tó ṣe. Ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú." Nígbà tí kò mọ ohun tí yóò tún sọ mọ́, ó gba ọpọ́n lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, ó bu òkúta kún un, ó gbé e síwájú mi. "Ẹ gbé èyí fún Bàbá," ló wí. "Ẹ fi lé wọn lórí."

Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀ lè sọ pé kí n dà á nù. Mo gbé e rù. Ó wúwo, ó ń gún mi lórí, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.

Shamsudeen wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti parí àdúrà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ojú. Ó rí mi, ó rí ohun tó wà lórí mi. Ó wo ojú irin lókè, ó rí àwọn èèyàn níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ó yé e. Mo rí i bó ṣe yé e.

"Zulaykha," ló wí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ ìsìnkú. "Ní báyìí?"

 Ọrùn mi ń gbọ̀n lábẹ́ ọpọ́n. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọpọ́n náà kúrò lórí mi. A jọ di etí rẹ̀ mú, a jọ tẹ̀ ẹ́, òkúta dà sórí sàréè Bàbá, ó fọ́n ká, kò bò ó tán. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń fọwọ́ tẹ́ ẹ. Èmi àti òun, ọmọ Rélùwéè ni wá, kò sí èyí tí kò mọ̀ nínú wa pé òkúta tó wà lókè kì í gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ omi. A ń tẹ́ ẹ síbẹ̀, a ò wojú ara wa, òjò sì ń ṣú bọ̀ láti apá Olúpọ̀nnà.